"Le" àti "Yi": Ohun tí Ooru ń Ṣe sí Ìsopọ̀ Bàbà mọ́ Alumíníọ̀mù, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí yẹ ọ̀rọ̀ ìṣe méjì wò nínú èdè Yorùbá, èyí ni le àti yi, láti fi bí wọ́n ti wúlò tó hàn nínú àlàyé ohun tí ooru ń ṣe sí bàbà àti alumíníọ̀mù tí a so pọ̀. Orí òpó iná, ẹ̀yìn fíríìjì àti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ra irin àlòkù ni a ti mú àpẹẹrẹ, irú èyí tí ojú mọ̀ ní Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti àyíká wọn. Ohun tí iṣẹ́ náà fẹ́ fi hàn ni pé bí ooru bá pọ̀ jù tàbí tí ó bá pẹ́ jù, ojú ìsopọ̀ mẹ́tàlì méjèèjì yóò le sí i, ṣùgbọ́n kò ní yi mọ́. Olùkọ́ tí ó bá fi líle túmọ̀ agbára níbẹ̀ yóò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní òdìkejì òtítọ́.

Ìfáárà

Láti ìgbà tí Ifáfitì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà rẹ̀ ní 1970, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babátúndé Fáfúnwá, ni àríyànjiyàn ti dín kù lórí bóyá èdè Yorùbá lè ru ẹrù ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ inú ètò náà ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún odidi ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo láàrin àwọn iṣẹ́ yòókù. Àríyànjiyàn tí ó kù ni ti ọ̀rọ̀ gan-an: èwo ni kí a lò, èwo ni kí a fi sílẹ̀? Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì, ti yanjú púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Kì í ṣe iṣẹ́ ìwé náà láti sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí mẹ́tàlì nínú iná.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́tàlì nínú iná kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ NCE tí ó bá jáde lọ kọ́ni ní Ṣàgámù, ní Ìperu tàbí ní Ìsarà yóò bá ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń tún fíríìjì ṣe pàdé nínú kíláàsì. Yóò bá ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ wáyà iná pàdé pẹ̀lú. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá béèrè ìdí tí ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀ lórí òpó fi ń jó ní gbogbo ìgbà, a kì í fẹ́ kí olùkọ́ Yorùbá dáhùn pé kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ fisíìsì. Ọ̀rọ̀ tí yóò fi dáhùn ti wà nílẹ̀ nínú èdè rẹ̀. Bí yóò ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ó kù.

Orúkọ àwọn mẹ́tàlì

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni ti irin. Yorùbá ń lo irin fún mẹ́tàlì dúdú tí alágbẹ̀dẹ fi ń rọ ọkọ́ àti àdá, ó sì tún ń lò ó fún gbogbo ohun tí ó bá jọ ọ́. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, èyí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nínú kíláàsì, ó lè ṣini lọ́nà, nítorí pé ohun tí ooru ń ṣe sí irin gan-an yàtọ̀ sí ohun tí ó ń ṣe sí bàbà. Nítorí náà mẹ́tàlì ni iṣẹ́ yìí ń lò fún gbogbo ìdílé náà, ó sì fi irin sílẹ̀ fún ti alágbẹ̀dẹ nìkan.

Bàbà àti idẹ ni ó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fi ọ̀kan pe èkejì. Bàbà ni mẹ́tàlì pupa tí ó dá dúró fúnra rẹ̀, òun ni ó wà nínú wáyà iná inú ilé. Idẹ jẹ́ àdàlù: bàbà tí a yọ́ pọ̀ mọ́ síńkì ni, àwọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ ti wúrà. Àwọn àgbà ayàwòrán Ifẹ̀ mọ ìyàtọ̀ náà dáadáa. Bàbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ògidì ni wọ́n fi ṣe ìbòjú tí a mọ̀ mọ́ Ọbalùfọ̀n, bẹ́ẹ̀ sì ni bàbà ògidì ṣòro láti dà sínú ẹ̀dà ju idẹ lọ. (Ọkà bàbà, tí a ń fi ṣe ògì pupa, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò mẹ́nu bà á dandan.)

Alumíníọ̀mù kò ní orúkọ àbáláyé, nítorí pé ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn aláwọ̀ funfun tó mọ bí a ṣe ń yọ ọ́ jáde lára ilẹ̀. Kò sí ìdí láti ṣẹ̀dá orúkọ fún un lónìí. Gbogbo ìyá tí ó ń se oúnjẹ nínú ìkòkò alumíníọ̀mù ni ó ti mọ̀ ọ́n.

Ìwọ̀n mélòó kan tí olùkọ́ gbọdọ̀ mọ̀ sórí nìyí. Alumíníọ̀mù ń yọ́ ní 660°C, bàbà ní 1085°C. Kúbíìkì sẹ̀ǹtímítà kan alumíníọ̀mù wọn gíráàmù 2.7, ti bàbà sì wọn 8.96. Bí wáyà méjèèjì bá nípọn bákan náà, ti alumíníọ̀mù ń gbé nǹkan bí ìdá 61 nínú 100 iná tí ti bàbà ń gbé. Fífúyẹ́ àti ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ó jẹ́ kí wọ́n máa fi alumíníọ̀mù ta sórí òpó, nígbà tí bàbà wà nínú ògiri ilé. Ibi tí ti òde àti ti inú ilé ti pàdé ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Orí òpó iná

Ìran kan wà tí kò ṣàjèjì sí àwọn ará Ṣàgámù. Ní nǹkan bí agogo méje alẹ́, tí gbogbo ilé ti tan iná tí àwọn fíríìjì sì ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, gílóòbù ilé kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Lókè òpó, iná yóò máa ta pàrà níbi tí wọ́n ti lọ́ wáyà mọ́ra. Ẹnì kan yóò mú ọparun gígùn, yóò sì fi lu wáyà náà títí iná yóò fi dúró. Ewu ńlá ni èyí, pàápàá bí ọparun bá tutù, kò sì yẹ kí olùkọ́ kankan rẹ́rìn-ín sí i nínú kíláàsì. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá ránṣẹ́ pè ni ará ìlú ṣì ń pè ní NEPA, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ náà ti di PHCN ní 2005, tí pínpín iná ní apá tí ó pọ̀ jù nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ti bọ́ sọ́wọ́ IBEDC láti oṣù kọkànlá 2013.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ lókè yẹn? Nígbà tí ẹnì kan bá fi ọwọ́ àti páláyà lọ́ bàbà mọ́ alumíníọ̀mù, kì í ṣe gbogbo ara wọn ni ó fara kan ara wọn. Ìpáàrà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń bo alumíníọ̀mù ní gbogbo ìgbà. Bí a bá họ ọ́ kúrò, òmíràn yóò hù lójú ẹsẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án. Ìpáàrà yìí kì í jẹ́ kí iná kọjá, nítorí náà ojú ibi mélòó kan tí ó kéré ni gbogbo iná ilé náà ń gbà kọjá. Ìdíwọ́ ti wà níbẹ̀, ibi tí ìdíwọ́ bá sì wà ni iná ti ń di ooru.

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: ẹ sọ iye iná di ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ fi ìdíwọ́ sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ilé kan bá ń fa iná 40 ampere, tí ìdíwọ́ ojú ìsopọ̀ sì jẹ́ 0.001 ohm, ooru ibẹ̀ yóò jẹ́ wáàtì 1.6, èyí tí kò tó nǹkan. Bí ìdíwọ́ náà bá gòkè dé 0.05 ohm, ooru yóò di wáàtì 80. Gílóòbù àtijọ́ tí ó ní wáàtì 80 kò ṣeé fi ọwọ́ kàn, bẹ́ẹ̀ ni ojú ìsopọ̀ yìí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ.

Ooru náà yóò mú kí mẹ́tàlì méjèèjì fẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní fẹ̀ dọ́gba. Bí ooru bá fi 100°C gòkè, mítà kan alumíníọ̀mù yóò gùn sí i ní nǹkan bí mílímítà 2.3, ti bàbà yóò sì gùn sí i ní 1.7. Alumíníọ̀mù ń tì, bàbà kò lè tẹ̀ lé e tó bẹ́ẹ̀. Nítorí pé alumíníọ̀mù rọ̀, yóò fún ara rẹ̀ níbi tí wọ́n ti dè é. Ní òru, tí gbogbo rẹ̀ bá tutù padà, ìdè náà yóò ti tú díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ìdíwọ́ ti pọ̀ ju ti àná lọ, ooru náà sì ti pọ̀ sí i. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń burú sí i, láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kan wáyà.

Òjò náà ń kó ipa tirẹ̀. Omi tí ó bá ti ara bàbà kán sórí alumíníọ̀mù ń gbé èérún bàbà dání, èyí sì ń jẹ alumíníọ̀mù run. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ iná tí ó mọṣẹ́ fi máa ń rí i pé alumíníọ̀mù wà lókè, bàbà nísàlẹ̀.

Bí ilé iṣẹ́ ṣe ń lẹ̀ wọ́n mọ́ra

Lílọ́ wáyà mọ́ra lásán kì í ṣe lílẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń lẹ̀ ìpele bàbà mọ́ ìpele alumíníọ̀mù débi pé ọwọ́ kò lè yà wọ́n. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni pé kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ ojú páànù méjèèjì, kí wọ́n tò wọ́n léra, kí wọ́n sì tì wọ́n gba àárín róólà ńlá méjì tí yóò tẹ̀ wọ́n pẹlẹbẹ títí wọn yóò fi fẹ́lẹ́ gan-an. Ìpáàrà ojú wọn yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́, ara titun yóò sì gba àárín èérún náà yọ jáde láti pàdé ara titun ẹnì kejì rẹ̀. Kò sí èyí tí ó yọ́. Ọ̀nà mìíràn ni kí wọ́n yí ọ̀pá kan bírí mọ́ èkejì lára títí ojú wọn yóò fi gbóná, kí wọ́n sì tẹ̀ wọ́n mọ́ra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Irú rẹ̀ ni lọ́ọ̀gì tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù tí ìdajì kejì sì jẹ́ bàbà. Wáyà alumíníọ̀mù ń wọ apá kan, wọ́n sì ń fi bóòtù de apá kejì mọ́ bàbà. Bí lọ́ọ̀gì yìí bá wà lórí òpó, kò sí ìdí fún ọparun.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ooru ti ń nílò ìtúpalẹ̀, nítorí pé ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá ni ooru jẹ́ fún ìsopọ̀ náà.

Páànù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lábẹ́ róólà ti gba ìyà, ara rẹ̀ ti gan. Bí wọ́n bá fún un ní ooru ìwọ̀nba, ara rẹ̀ yóò rọ̀ padà. Àwọn átọ̀mù ojú bàbà àti ti alumíníọ̀mù yóò wọ inú ara wọn díẹ̀, àwọn ibi tí kò lẹ̀ tán yóò sì lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bó wọn kúrò lára ara wọn nígbà náà, yóò gba agbára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Bí ooru bá pọ̀ jù, tàbí tí ó bá pẹ́ jù, wíwọ inú ara wọn yóò kọjá ààlà. Bàbà àti alumíníọ̀mù kì í ṣe omi àti mílíìkì tí ń dàpọ̀ láìsí wàhálà. Ní ojú ààlà wọn, wọn yóò bí ohun mìíràn tí kì í ṣe bàbà tí kì í sì í ṣe alumíníọ̀mù. Ìpele mẹ́ta ni ó sábà máa ń hù. Ní ẹ̀gbẹ́ alumíníọ̀mù, átọ̀mù alumíníọ̀mù méjì ló so mọ́ bàbà kan. Ní àárín, ọ̀kan so mọ́ ọ̀kan. Ní ẹ̀gbẹ́ bàbà, alumíníọ̀mù mẹ́rin ló so mọ́ bàbà mẹ́sàn-án. Bí ooru kò bá yí padà, ìnípọn wọn kì í dàgbà bákan náà lójoojúmọ́: kí ó tó di ìlọ́po méjì, ó gbọ́dọ̀ lo ìlọ́po mẹ́rin àkókò. Ṣùgbọ́n bí ooru bá gòkè, ìdàgbàsókè náà yóò yára kọjá àfẹnusọ.

Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ààlà jẹ́ nǹkan bí ìdá 2 nínú 1000 mílímítà. Irun orí kan nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po 20 ó lé. Bí ohun kẹta yìí bá ti kọjá ìwọ̀n náà, agbára ìsopọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.

Ó le, kò yi

Irú ohun wo ni ohun kẹta yìí? Bí a bá wọn bí ó ti le tó, ó le ju bàbà lọ fíìfíì, ó sì le ju alumíníọ̀mù lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti kọ́ pé agbára ni líle yóò sọ pé ìsopọ̀ náà ti lágbára sí i. Àṣìṣe gbáà ni.

Yorùbá kì í fi le àti yi dápò. Ìkòkò amọ̀ tí ó jáde nínú iná le, ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ lọ́wọ́, ó di àpáàdì. Pọ̀nmọ́ kò le, eyín ń wọ inú rẹ̀, síbẹ̀ kò rọrùn láti já, nítorí pé ó yi. Okùn yi, awọ yi, igi tútù yi. Gílááàsì le, òkúta le, eyín le. Ohun tí ó le ń kọ̀ kí nǹkan mìíràn wọ inú òun. Ohun tí ó yi ń gbà kí a tẹ òun, kí a lọ́ òun, kí a fà òun, kò sì ní ya. Mẹ́tàlì tí ó dára fún wáyà kò gbọdọ̀ ṣàìyi.

Ohun kẹta tí ó hù láàrin bàbà àti alumíníọ̀mù dà bí ìkòkò amọ̀. Ó le, kò yi. Ó wà láàrin mẹ́tàlì méjì tí wọ́n ń fẹ̀ tí wọ́n sì ń sún kì lọ́nà tí kò dọ́gba. Ní ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fà á síhìn-ín fà á sọ́hùn-ún. Bàbà lè fara dà á, alumíníọ̀mù lè fara dà á. Ọmọ tí wọ́n bí kò lè tẹ̀, nítorí náà ó ń sán, ibi tí ó ti sán sì ni ìsopọ̀ náà yóò ti já. Ó tún ń dí iná lọ́wọ́ ju òbí rẹ̀ méjèèjì lọ, èyí tí ó ń fi ooru kún ooru.

Ohun tí ó tún yani lẹ́nu ni pé ooru kan náà yìí a máa sọ bàbà tí ó dá wà di rírọ̀, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí alumíníọ̀mù tí ó dá wà. Mẹ́tàlì méjì tí ooru ń sọ di rírọ̀ ni wọ́n jọ ń bí èyí tí ó le bí àpáàdì. Bí olùkọ́ bá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tí í ṣe líle, kò sí bí yóò ṣe ṣàlàyé èyí tí kò ní ta ara rẹ̀ nù. Bí ó bá ní méjì, àlàyé náà kò ju gbólóhùn kan lọ.

Fíríìjì àti wáyà àlòkù

Àpẹẹrẹ mìíràn wà ní ẹ̀yìn fíríìjì. Nínú ọ̀pọ̀ fíríìjì, páìpù alumíníọ̀mù ni ó wà níbi tí yìnyín ti ń dì, páìpù bàbà ni ó sì lọ sídìí ẹ̀rọ. Ilé iṣẹ́ ti lẹ̀ wọ́n pọ̀ láti ibẹ̀ wá, wọ́n sì sábà máa ń fi rọ́bà dúdú bo ibẹ̀. Atúnfíríìjìṣe tí ó bá gbé iná sí ìtòsí ibẹ̀ lè pàdánù gbogbo rẹ̀. Bàbà a máa pọ́n kí ó tó yọ́, ojú sì ń rí i pé ewu ń bọ̀. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n lójú ọ̀sán. Ìpáàrà ara rẹ̀, tí kì í yọ́ àfi bí ooru bá kọjá 2000°C, yóò di omi inú rẹ̀ mú bí àpò, yóò sì dà bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Lójijì ni yóò wó.

Kò tilẹ̀ dìgbà tí ooru bá dé 660°C. Níbi tí bàbà àti alumíníọ̀mù bá ti fara kanra, àdàlù wọn ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní 548°C. Ìwọ̀n yìí lọ sílẹ̀ ju ti mẹ́tàlì méjèèjì lọ. Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ kan máa ń sọ fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wọn pé kí ó jìnnà sí ojú ìsopọ̀ náà, kí ó gé e sọnù, kí ó sì fi ohun tí wọ́n fi ń dì í láìlo iná dípò rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, bí wọn kò tilẹ̀ mẹ́nu ba 548.

Àwọn tí ń jó wáyà àlòkù láti rí bàbà inú rẹ̀ náà ti bá ìwọ̀n yìí pàdé. Irú wáyà kan wà tí ó jẹ́ alumíníọ̀mù nínú, tí wọ́n fi bàbà bò lóde. Bàbà ara rẹ̀ lè jẹ́ ìdá 10 tàbí 15 péré nínú 100 gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀ bí wọ́n bá sọ ohun tí ó jẹ́ fún ẹni tí ń rà á, ó sì ní iṣẹ́ tí ó wúlò fún. Ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀ bí wọ́n bá tà á gẹ́gẹ́ bíi bàbà ògidì, nítorí pé ẹni tí ó rà á yóò fi iná tí ó tó bàbà sínú rẹ̀, wáyà náà yóò sì gbóná jù nínú ògiri. Bí wọ́n bá sọ irú wáyà bẹ́ẹ̀ sínú iná, dípò kí bàbà pupa kù, bàbà ara rẹ̀ yóò yọ́ mọ́ alumíníọ̀mù inú, ohun tí yóò kù sì jẹ́ ègé eérú-eérú tí ó ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tí ó jó o yóò ní ojú kan ṣẹ́jú òun ni. Ooru àti àìyi ni. (Èéfín rọ́bà tí ó ń fà símú níbẹ̀ léwu ju àdánù owó rẹ̀ lọ.)

Ọ̀nà tí a fi ń dá a mọ̀ kí a tó rà á kò le. Kí a fi abẹ họ ara rẹ̀: bí inú rẹ̀ bá funfun, kì í ṣe bàbà. Kí a tún gbé e lọ́wọ́: wáyà bàbà ògidì wúwo ju ti irú yìí lọ ní ìlọ́po méjì àbọ̀ ó lé, bí wọ́n bá gùn bákan náà tí wọ́n sì nípọn bákan náà.

Edan gẹ́gẹ́ bí ìfiwéra

Kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kúrò níbí pẹ̀lú èrò pé gbogbo mẹ́tàlì méjì tí ooru bá so pọ̀ ni yóò já. Edan Òṣùgbó, tí a mọ̀ dáadáa ní Rẹ́mọ àti ní Ìjẹ̀bú, jẹ́ ẹ̀rí sí òdìkejì. Ère akọ àti abo ni, ẹ̀wọ̀n sì sábà máa ń so orí wọn pọ̀. Idẹ ni ara rẹ̀, ọ̀pá irin sì wà nídìí rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ idẹ yóò fi amọ̀ mọ inú rẹ̀ yí irin ká, yóò fi ìda ya ère náà lé e, yóò tún fi amọ̀ bò ó. Yóò gbé e sínú iná kí ìda lè yọ́ dànù, yóò sì da idẹ tí ó ti yọ́ sí àyè rẹ̀. Idẹ ń yọ́ kí ooru tó dé 1000°C, irin kì í yọ́ àfi bí ó bá kọjá 1500°C. Nítorí náà irin dúró gbọn-in nígbà tí idẹ ń ṣàn yí i ká.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ń tutù, mítà kan idẹ ń sún kì ní nǹkan bí mílímítà 1.9 fún 100°C kọ̀ọ̀kan, irin sì ń sún kì ní 1.2 péré. Idẹ tí ó wà lóde ló ń sún kì jù, yóò sì fún irin inú mọ́ra bí ọwọ́ tí ó di ọ̀pá mú. Àìdọ́gba yìí kan náà ni ó ń tú ìdè wáyà lórí òpó. Ibi tí a fi mẹ́tàlì kọ̀ọ̀kan sí, àti ohun tí wọ́n ń bí nígbà tí wọ́n bá gbóná pọ̀, ni ó yàtọ̀. Alágbẹ̀dẹ idẹ kò wọn nǹkan kan ní dígírì, ṣùgbọ́n ó mọ èyí tí yóò di èkejì mú.

Nínú kíláàsì

Kí olùkọ́ má ṣe gbé wáyà tí iná wà nínú rẹ̀ wọ kíláàsì lábẹ́ bó ti wù kí ó rí. Ẹ̀yìn tábìlì àti àdògán èédú tó fún ìdánwò méjì tí ó ṣe pàtàkì jù.

Fún èkíní, kí ó mú wáyà bàbà tí ó nípọn díẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi òòlù lù ú lórí òkúta títí yóò fi gan tí kò ní fẹ́ tẹ̀ mọ́. Kí olùkọ́ fi ẹ̀mú gbé e sínú èédú títí yóò fi pọ́n, kí ó rì í bọ omi. Kí ó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, kí ó béèrè ohun tí wọ́n rò. Àwọn tí wọ́n ti rí alágbẹ̀dẹ tí ń rì àdá bọ omi yóò sọ pé ó ti le sí i. Kí wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ wò: yóò rọ̀ bí ìlà ewé. Ìyàtọ̀ irin àti bàbà yóò wọ inú wọn ju kí a kọ ọ́ sójú pátákó lọ.

Fún èkejì, kí ó já bébà dídán tí ó wà nínú páálí sìgá, èyí tí ìpele alumíníọ̀mù lẹ̀ mọ́ bébà. Kí ó gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó gbé e sún mọ́ àtùpà láìjẹ́ kí ó gbiná. Bébà náà yóò ká kò, nítorí pé ìpele méjèèjì kò fẹ̀ dọ́gba, bébà tilẹ̀ ń gbẹ ó sì ń sún kì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ohun tí ó so ìpele méjèèjì pọ̀ kò bá lè tẹ̀.

Ní ìparí ẹ̀kọ́, kí olùkọ́ to àpáàdì, ègé awọ, wáyà bàbà, wáyà alumíníọ̀mù, ègé gílááàsì tí a ti fi aṣọ wé etí rẹ̀ àti ègé pọ̀nmọ́ sórí tábìlì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ le tàbí yi sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi gbólóhùn kan sọ ìdí. Àwọn kan yóò kọ méjèèjì sí iwájú wáyà bàbà tí wọ́n lù. Kí olùkọ́ má ṣe fagi lé e kíákíá. Kí ó tún fi òòlù náà lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n lù ú sí i, kí wọ́n sì máa tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀ títí yóò fi kán, kí wọ́n ka iye ìgbà tí ó tẹ̀ kí ó tó kán, kí wọ́n sì fi wé ti èyí tí ó ti wọ inú èédú.